Bóòtù Tó Gan, Ẹ Fẹ̀sọ̀ Mú Un

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n abẹ́ Camry ọdún 2003 ló ti yé mi.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì sójú ọ̀nà. Táyà á máa ta omi iyọ̀ náà sábẹ́ ọkọ̀, omi á wọ gbogbo ihò, á sì jókòó síbẹ̀. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó gúnlẹ̀ sí Èkó tàbí Kútọnu, ìpẹtà ti kọ́lé sí i lára. Àwa tí a ń rà á, ọ̀dà tó ń dán là ń wò. Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́? Ọkọ̀ tí kò kúrò ní Lẹ́kí rí pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀, nítorí iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn òkun.

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbọ̀ngbọ̀n bí mo bá bọ́ sí kòtò. Rọ́bà búṣì tó wà lórí àwọn apá irin tó di ẹsẹ̀ náà mú ti jẹ. Lójú, iṣẹ́ náà kò le: ká yọ bóòtù gígùn kan, ká pààrọ̀ apá irin méjì, ká dá bóòtù padà. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e fún ki sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun méjìlá bọ orí bóòtù, ó ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì sì fara tì í. Kí n tó ṣẹ́jú, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí bóòtù ti fá, ó ti di roboto. Ni wọ́n bá gbé òòlù àti síséèlì. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, bóòtù ti kán sínú, ọkọ̀ mi sì sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Èmi ni mo dúró tì í, tí mo ń wo aago, tí mo ń sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe é kíá, mo ní ibi tí mò ń lọ." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mẹkáníìkì yín níré nídìí bóòtù tó ti gan.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kejì. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ibo ló ti di, ọmọ mi?"

Mo ní, "Bóòtù ni, bàbá."

Ó mi orí. "Bóòtù kì í ṣàdédé di. Nǹkan kan ló dì í mú. Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

Ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bèèrè, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Nínú rọ́bà búṣì, páìpù irin kékeré kan wà tí bóòtù ń gbà kọjá. Àyè tó wà láàrin bóòtù àti páìpù yìí kéré púpọ̀. Bí omi bá wọ ibẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde, irin á dípẹtà, ìpẹtà sì máa ń gba àyè tó ìlọ́po méjì irin tó jẹ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí àyè tó máa wú sí, nítorí náà á fún bóòtù àti páìpù pọ̀ títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀tù fi lè tú wọ́ọ́rọ́wọ́ kí bóòtù má sì mì. Bí ẹ bá yí orí bóòtù tó yí díẹ̀, àmọ́ tó tún fà padà sí àyè rẹ̀ bí ìgbà tí a fa rọ́bà, páìpù inú búṣì ló dì í mú. Rọ́bà ló ń lọ́ tó sì ń nà padà. Bí nọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ bá kọ̀ tí kò mì rárá, tẹ́ẹ̀dì ló ti gan. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Bàbá kò fọwọ́ kan sípánà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ó gbé ọkọ̀ náà lé irin ìdúró méjì, ó tún ti táyà tó tú sábẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀, pàápàá níbi iṣẹ́ tí a ó ti máa fà tí a ó sì máa ti ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lẹ́nu tẹ́ẹ̀dì, ó sì kán oògùn sí i. Oíìlì jíà ọ̀tọ́mátíìkì ló fi pò mọ́ asitóònù tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ìlàjì-ìlàjì. Asitóònù ló ń mú oíìlì náà ṣàn wọ ibi tóóró. Àwọn kan ń lo kẹrosíìnì, òun náà ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn ń fín WD-40, ṣùgbọ́n láti lé omi kúrò lára irin ni wọ́n ṣe é ní 1953. Ó wúlò, àmọ́ ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bàbá ní, "Máa lọ sílé. Ọ̀la ni ká padà wá."

Lọ́jọ́ kejì, sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ló mú, èyí tó bá orí bóòtù mu géẹ́, tó di gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú dípò igun nìkan. Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e yà mí lẹ́nu: ó kọ́kọ́ fún bóòtù náà sí i díẹ̀. Ìpẹtà fọ́, a gbọ́ "kẹ̀!" Ìgbà náà ló wá ń tú u, ó ń yí i síwájú díẹ̀, ó ń dá a padà díẹ̀, ó ń kán oògùn sí i. Ẹ ṣọ́ra o: ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ lè gbàgbé ọ̀nà tí nọ́ọ̀tù ń tú sí, kó máa fún un láìmọ̀.

Nọ́ọ̀tù tó kọ̀ tí kò tú, iná ló fi yọ ọ́. Bí ihò nọ́ọ̀tù bá jẹ́ mìlímítà 14, tí a sì mú kó gbóná ní ìwọ̀n 300 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ju bóòtù inú rẹ̀ lọ, ihò náà kò ní fẹ̀ sí i ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún mìlímítà lọ. Kò ju ìnípọn irun orí ẹyọ kan. Ìyẹn tó láti já ọwọ́ ìpẹtà. Ṣùgbọ́n kó tó tan iná, ó nu oògùn kúrò pátápátá, ó fi àkísà tútù bo ọ̀pá rọ́bà bíréèkì, ó gbé omi sítòsí, ó sì wo ibi tí táǹkì epo wà. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ rárá. Òmíràn nínú wọn máa ń di èéfín olóró bí iná bá kàn án.

Bí páìpù inú búṣì bá kọ̀ jálẹ̀, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ gé e. Láàrin búṣì àti irin tó gbà á mọ́ra ni ayùn ń wọ̀, lápá méjèèjì, kí irin tó gbà á mọ́ra má baà gba ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti ra apá irin àti bóòtù tuntun ní ọjà Ladípọ̀ tàbí níbikíbi kí ẹ tó gé. Bí bóòtù náà bá jẹ́ èyí tí a fi ń tún ìdúró táyà ṣe, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí àyè rẹ̀ kó tó tú. Bóòtù tí kò ní àmì agbára, bíi 10.9, lórí, ẹ má jẹ́ kó wọ abẹ́ ọkọ̀ yín. Ẹ fi gírísì pa ara rẹ̀ níbi tó ti ń gba inú páìpù kọjá, kí ẹni tó máa yọ ọ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i má baà jìyà.

Ohun tó kẹ́yìn ni èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò sì náání rẹ̀. Wọ́n máa ń fún bóòtù pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń fì lókè. Bí ọkọ̀ bá wá sọ̀kalẹ̀, rọ́bà inú búṣì á lọ́, á sì wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án lóru títí yóò fi ya. Bàbá kàn fi nọ́ọ̀tù mú un díẹ̀ ni, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó mì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó tó wọ abẹ́ lọ fún un dáadáa. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ mẹkáníìkì yín pé kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó tó fún bóòtù náà pinpin.