LẸ́TÀ GBẸ̀FẸ́: SÍ ÀBÚRÒ TÍ Ó FẸ́ TORÍ BỌ́Ọ̀LÙ ALÁPẸ̀RẸ̀ FI Ẹ̀KỌ́ SÍLẸ̀

Ìbéèrè: Ó ku ọdún kan kí àbúrò rẹ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ó kọ̀wé sí ọ pé òun fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan ṣèlérí láti mú òun lọ gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kọ lẹ́tà sí i láti gbà á nímọ̀ràn.

Àlàyé: Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ni èyí, nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni ó ń kọ̀wé sí àbúrò. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ó ní, pẹ̀lú déètì lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìkíni, kókó ọ̀rọ̀ àti ìkádìí. Àṣìṣe tí mo rí jù ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ni pé bí ìbéèrè bá ti kan gbajúmọ̀ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa yìn ín títí ìwé yóò fi kún, wọn a sì gbàgbé ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà nímọ̀ràn. Ẹ̀rí lásán ni ìtàn gbajúmọ̀. Ìmọ̀ràn ni ọjà tí a wá tà. Má sì ṣe bú àbúrò rẹ. Ẹni tí a bú kì í fetí sí ìmọ̀ràn.

ÀPẸẸRẸ LẸ́TÀ

Ojúlé Kẹrìnlá,
Orítamẹ́fà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Àjàní àbúrò mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àti Ìyá wa ńkọ́? Mo mọ̀ pé òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ ní Àkànrán, àti pé Bàbá yóò ti máa ṣán oko de ọ̀gbìn. Àlàáfíà ni èmi náà wà níhìn-ín.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé o ti mọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ gbá tó bẹ́ẹ̀. Mo rántí irin róbótó tí ẹ kàn mọ́ igi lẹ́yìn kíláàsì, tí o máa ń ju bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. N kò wí pé kí o má gbá a mọ́. Ohun méjì nínú lẹ́tà rẹ ni ó bà mí lẹ́rù: pé o kò ní padà sí ilé-ìwé ní sáà tí ń bọ̀, àti pé Bàbá fẹ́ fi oko kòkó wọn dógò kí wọ́n lè rí owó san fún ọkùnrin tí yóò mú ọ lọ.

O ní Hakeem Ọlájùwọ́n ni àwòkọ́ṣe rẹ. Ó dára, jẹ́ kí a wo bí òun náà ti rìn. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, ọdún 1963. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó ń gbá, aṣọ́lé ni. Ó sì tún ń gbá háńdíbọ́ọ̀lù. Ó ti pé ọmọ ọdún 15 kí ó tó dáwọ́ lé bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò torí rẹ̀ sá kúrò ní kíláàsì. Muslim Teachers' College ní Èkó ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó lọ sí Yunifásítì Houston ní ọdún 1980.

Nígbà tí ó débẹ̀, ọdún kan gbáko ni ó fi kọ́ṣẹ́ láìgbá ìdíje kankan. Ní ọdún kejì, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ó wọ pápá. Kò bínú padà sílé. Ó bi àwọn olùkọ́ni rẹ̀ léèrè ohun tí òun lè ṣe, wọ́n sì ní kí ó lọ máa bá Moses Malone, akọni nínú eré náà, gbá bọ́ọ̀lù nígbà ìsinmi. Ẹgbẹ́ rẹ̀ dé àṣekágbá ní 1983 àti 1984, wọ́n sì pàdánù nínú méjèèjì. Ní 1984 kan náà ni ẹgbẹ́ Houston Rockets mú un ṣáájú gbogbo ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣà lọ́dún náà, títí kan Michael Jordan tí ó ṣe ipò kẹta. Síbẹ̀, ọdún 10 ni ó tún lò kí ó tó gba ife-ẹ̀yẹ ní 1994. Ó tún gbà á ní 1995. Ìgbà 3,830 ni ó fọwọ́ dá bọ́ọ̀lù alátakò padà kí ó tó dé inú apẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tí ó bá a níbẹ̀.

Àjàní, ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà, NBA, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bí agbábọ́ọ̀lù 15. Àpapọ̀ wọn kò ju bí 450 lọ, gbogbo ayé ni ó sì ń du àyè wọ̀nyí. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà pàápàá tí kò ráyè níbẹ̀ a máa tú lọ sí Spéènì, Túrkì, Gíríìsì àti Japan láti wá oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó jẹ́ pé àdéhùn ọdún kan péré ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Bí eegun ẹsẹ̀ bá yẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́. Ẹni tí ó bá ní ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ni yóò rí ọ̀nà mìíràn yà sí.

Ní ti ọkùnrin yẹn, rò ó wò: yunifásítì tí ó bá fún agbábọ́ọ̀lù ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ni ó ń san owó fún un, èsì ìdánwò rẹ̀ ni wọn yóò sì béèrè kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ẹni tí ó ní kí o fi ìwé sílẹ̀, kí o sì tún mú owó wá, ilẹ̀kùn tí Ọlájùwọ́n gbà wọlé gan-an ni ó ń tì mọ́ ọ lójú.

Oko kòkó yẹn ni ó rán mi ní ìwé. Òun náà ni yóò rán ìwọ. Àgbẹ̀ tí ó bá sun ẹ̀bù jẹ, kí ni yóò gbìn bí òjò bá dé? Padà sí kíláàsì, kí o sì máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ bí ilé-ìwé bá ti jáde. N óò wá sílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ láti bá Bàbá sọ̀rọ̀. Jọ̀wọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí ìwé kankan. Bá mi kí Ìyá àti gbogbo ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ní tòótọ́,
Àkànní.

Àkíyèsí: (i) Akọ̀wé kọ́kọ́ yin àbúrò rẹ̀ kí ó tó kìlọ̀ fún un. (ii) Kò sí ọdún tàbí iye kan nínú lẹ́tà náà tí kò ran ìmọ̀ràn lọ́wọ́. Bí déètì kan kò bá dá ọ lójú, má kọ ọ́ sílẹ̀. (iii) “Wọ́n” ni ó lò fún Bàbá, “o” ni ó lò fún àbúrò. (iv) Kò fi ọ̀rọ̀ mọ sí ẹnu. Ó sọ ọjọ́ tí òun yóò wá.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Jẹ́ kí ó jẹ́ pé ìwọ ni Àjàní. Kọ èsì lẹ́tà yìí sí ẹ̀gbọ́n rẹ.