Nígbà tí Ọmọ Ogun Ara Bá Ṣe Kíndìnrín Lọ́ṣẹ́

Àfiwé ogun ni ó wọ́pọ̀ jù nígbà tí a bá ń fi èdè Yorùbá kọ́ni nípa àjẹsára: kòkòrò àìfojúrí ni ọ̀tá, ọmọ ogun ara sì ń lé e. Àfiwé náà tètè máa ń yé ọmọdé, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Kò ṣàlàyé bí ọmọ ogun ṣe lè ba ilé tí ó ń ṣọ́ jẹ́. Àrùn kíndìnrín òjijì tí ó máa ń tẹ̀lé ọ̀fun dídùn tàbí egbò ara ọmọdé ni àpẹẹrẹ tí ó fi èyí hàn.

Bakitéríà tí ń jẹ́ Streptococcus ni ó ń dá àìsàn àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ara a sì pèsè èròjà agbóguntàrùn tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fun lè ti san ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, tàbí kí egbò ti lo ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, kí wàhálà kejì tó dé. Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ kéékèèké tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan, tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìdìpọ̀ èròjà agbóguntàrùn àti ẹ̀là ara bakitéríà a há sára asẹ́ wọ̀nyí. Àwọn ọmọ ogun yòókù a rọ́ dé, wọn a kọlu ibi tí ó há sí. Asẹ́ a wú. Ibi tí ó bá ya, ẹ̀jẹ̀ a gba ibẹ̀ jò sínú ìtọ̀. Ibi tí ó bá dí, omi àti iyọ̀ tí ó yẹ kí ó jáde a dúró sára.

Ìdí nìyí tí ojú ọmọ fi ń wú láàárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń dínkù, tí àwọ̀ ìtọ̀ náà sì dà bí tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè le débi pé gìrì yóò mú un. Ó rọrùn fún olùkọ́ láti pe irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àtọ̀sí ajá. Aràn ni ó ń fa ìyẹn, kì í sì í mú ojú wú lójijì báyìí. Àṣìpè náà kì í ṣe ọ̀ràn èdè lásán: oògùn aràn ni wọn yóò máa wá kiri fún ọmọ tí ó yẹ kí ó ti wà ní ilé ìwòsàn.

Gbólóhùn ‘kòkòrò ń jẹ kíndìnrín’ náà kò tọ̀nà. Èyí tí ó sàn jù ni pé ọfà tí a ta sí ọ̀tá ní ọ̀fun ni ó lọ bà sí kíndìnrín. Oògùn a pa bakitéríà tí ó bá ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò lè tú ohun tí ó ti há sára asẹ́. Nítorí náà, dókítà a dín iyọ̀ àti omi ọmọ náà kù, a fún un ní oògùn tí ń mú ni tọ̀, a sì máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọmọdé, asẹ́ náà a bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.