Hílíọ̀mù àti Àwọn Ojúgbà Rẹ̀

Ìwà afẹ́fẹ́ kan tí à ń pè ní hílíọ̀mù ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ẹni tí ó bá mọ ìdí tí hílíọ̀mù kì í fi í bá ohun mìíràn pọ̀ yóò mọ ìdí tí àwọn ìyókù fi ń bá ara wọn pọ̀.

Gbogbo àwa tí a mọ etí ọ̀sà, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ni a ti rí bí ìpáàrà ti ń jẹ páànù orí ilé. Irin ni ó ń bá omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pọ̀. Ní Ẹgbin, ní agbègbè Ìkòròdú, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985. Ẹ̀rọ 6 ni a kọ́ síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220. Gáàsì ni ó ń jó: kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn inú rẹ̀ a bá ọ́síjìn pọ̀, ooru a sì jáde. Bí ó bá ṣe pé hílíọ̀mù ni a dà sínú ọ̀pá náà, iná kì bá tí ràn rárá.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? A lè fi àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ́ọ̀mù wé àwọn ènìyàn tí ó jókòó lórí ẹní. Ẹní kìíní gba 2 péré. Ẹní kejì gba 8. Háídírójìn ní 1, àyè sì ṣẹ́ kù lórí ẹní rẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe ń wá ẹnìkejì kiri. Hílíọ̀mù ní 2, ẹní rẹ̀ sì kún. Kì í tọrọ, kì í sì í fi tọrẹ.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè bi wá pé: magnẹ́síọ̀mù pẹ̀lú ní 2 lórí ẹní òde rẹ̀, èéṣe tí òun fi ń jó pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí ń fọ́ ni lójú? Ìdáhùn wa ni pé kì í ṣe iye àwọn tí ó jókòó nìkan ni a ń wò, bí kò ṣe àyè tí ó ṣẹ́ kù. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 12 ni magnẹ́síọ̀mù ní: 2, 8, àti 2. Ẹní òde rẹ̀ kò kún, ó sì rọrùn fún un láti fi 2 náà sílẹ̀, kí ó lè ku ẹní tí ó kún fún 8. Ìdí nìyí tí a kò fi to hílíọ̀mù mọ́ magnẹ́síọ̀mù, bí kò ṣe mọ́ níọ́ọ̀nù, tí ó ní 2 àti 8.

Àwọn ìbátan hílíọ̀mù pàápàá kò rí bákan náà. Ní 1962, Neil Bartlett mú kí sẹ́nọ́ọ̀nù bá ohun mìíràn pọ̀, nítorí pé àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù òde rẹ̀ jìnnà sí àárín átọ́ọ̀mù. Ti hílíọ̀mù súnmọ́ àárín pẹ́kípẹ́kí, kò sì sí ohun tí ó di tirẹ̀ mú ṣinṣin tó o. Wúrà, tí ìpáàrà kì í jẹ, a máa yọ́ nínú àdàlù ásíìdì méjì. Hílíọ̀mù kò bìkítà fún ásíìdì kankan.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Háídírójìn àti hílíọ̀mù fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, àwọn méjèèjì sì lè gbé bàlúùnù sókè. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún, 1937, ọkọ̀ òfuurufú Jámánì tí a ń pè ní Hindenburg, tí háídírójìn kún inú rẹ̀, jóná ní Lakehurst ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 36 ni ó kú. Nítorí náà, níbi àríyá àwọn ọmọdé, kí a má ṣe jẹ́ kí àbẹ́là súnmọ́ bàlúùnù tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí a má sì ṣe jẹ́ kí ọmọ fa hílíọ̀mù símú láti fi yí ohùn padà: kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n ó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa ni.

Bí a bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a ya ẹní sílẹ̀, kí a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ ka 1, 2, 10 àti 12 sórí wọn. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn tọ́ka sí èyí tí ó kún.