Gbòǹgbò Ló Kọ́kọ́ Ń Jẹ Ìyà Òjé

Kíláàsì: SS2, Bàyọ́lọ́jì
Àkókò: pẹ́ríọ̀dù méjì, kí ọjọ́ márùn-ún wà láàárín wọn
Ohun èlò: àlùbọ́sà, ife rọ́bà kéékèèké, rúlà, abẹ fẹ́lẹ́, máíkírósíkóòpù

Ìbẹ̀rẹ̀

Ewé ni ojú wa máa ń lọ bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọ̀gbìn le. Bó bá pupa rúsúrúsú, a ní omi ni kò tó, tàbí pé ilẹ̀ ti ṣá. Ṣùgbọ́n àwọn irin wúwo, bí òjé, kádímíọ̀mù, mẹ́kúrì, àti bàbà tó bá pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ewé tó rọ, nǹkan ti bàjẹ́ ní ṣóńṣó gbòǹgbò tipẹ́.

Kí olùkọ́ bi kíláàsì léèrè: bí a bá da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òjé sílẹ̀ lójú kan náà, èwo la máa bá níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún? Èèpo á jẹrà. Irin wúwo kì í jẹrà. Ó lè yí padà, ó lè bá òjò ṣàn lọ, ṣùgbọ́n òjé ni yóò máa jẹ́.

Ibi tó ń gbà wọ ilẹ̀

Ẹ̀yìn ilé wa náà wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Níbi tí wọ́n bá ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ láti yọ òjé inú rẹ̀, òjé àti ásíìdì jọ ń dà sílẹ̀ ni, ásíìdì yìí ló sì burú jù lójú tèmi, torí pé ilẹ̀ tó bá kan máa ń tú irin sílẹ̀ fún gbòǹgbò láti fà mu. Nínú oko kòkó ilẹ̀ Yorùbá, oògùn aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n nítorí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, bàbà ló wà nínú rẹ̀. Ọdọọdún ni díẹ̀ ń jábọ́ sórí ilẹ̀. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òkúta wúrà tí àwọn ará abúlé ń lọ̀ nínú ọgbà ilé wọn ní òjé nínú. Ó ju 400 ọmọdé lọ tó kú.

Ohun tó ń lọ ní ṣóńṣó gbòǹgbò

Fìlà kékeré kan ló bo orí gbòǹgbò. Lẹ́yìn fìlà yìí ni ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín wà, kò gùn ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀kan ti ń di méjì, tí méjì ń di mẹ́rin. Àwọn tó bá sún sẹ́yìn á wá nà gùn, nínà yìí ló sì ń ti ṣóńṣó wọlẹ̀.

Krómósómù 16 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì gbòǹgbò àlùbọ́sà. Kí sẹ́ẹ̀lì tó pín, á kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo wọn. Wọn á tò sí àárín, okùn tín-ín-tín á wá fa apá kan sí òkè, apá kejì sí ìsàlẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gba 16 tirẹ̀ pé.

Ohun tí irin wúwo ń ṣe

Ara ògiri sẹ́ẹ̀lì ni òjé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ògiri á le, kò sì ní lè nà bó ṣe yẹ. Èyí tó bá ráyè wọlé á da okùn tín-ín-tín wọ̀nyẹn rú. Kádímíọ̀mù ní tirẹ̀ máa ń so mọ́ àwọn purotéènì tó ní súlífọ̀ lára, á sì jẹ́ kí irú ọ́síjìn kan tó ń ṣèpalára pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì títí á fi gé DNA. Sẹ́ẹ̀lì sì máa ń yẹ DNA rẹ̀ wò kó tó pín. Bó bá rí i pé ó ti já, á dúró. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń pín fi ń dín kù.

Àwọn tó bá ṣì pín, ẹ wò wọ́n dáadáa. Nígbà mìíràn, krómósómù á na bí afárá láàárín apá méjèèjì. Nígbà mìíràn, ọ̀kan á rẹ̀yìn, á sì di kókó kékeré kan tó dá wà nínú ọmọ sẹ́ẹ̀lì. Bí okùn bá ti bàjẹ́ pátápátá, ẹ̀dà ti wà ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fà wọ́n, 32 á sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Albert Levan, ará Sweden, ti rí irú èyí lọ́dún 1938 nígbà tó fi oògùn kan tó ń jẹ́ colchicine sí gbòǹgbò àlùbọ́sà. Lọ́dún 1985, Geirid Fiskesjö dábàá pé kí a fi àlùbọ́sà ṣe òṣùwọ̀n fún omi tó ti dọ̀tí.

Gbòǹgbò tó bá jẹ irú ìyà yìí á kúrú, á ki, á dúdú díẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ á sì ṣọ̀wọ́n. Ibẹ̀ náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú òjé ń dúró sí. Kádímíọ̀mù kì í dúró síbẹ̀ tán, ó ń gòkè wọ ewé, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sì lè tutù yọ̀yọ̀ kó wà nínú rẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n fi omi odò Jinzu gbìn ní Japan gba kádímíọ̀mù lọ́nà yìí. Lọ́dún 1968 ni ìjọba ibẹ̀ gbà pé òun ló fa àrùn tó ń sọ egungun àwọn tó jẹ ẹ́ di ẹlẹgẹ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

A kì í fún ọmọ ní òjé mú lọ́wọ́. Bàbà sọ́féètì inú lábù tó. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ po gíráàmù 1 mọ́ lítà 10 omi kànga (ife A). Kó bù nínú rẹ̀, kó fi omi kànga là á ní ìlọ́po 10 (ife B). Omi kànga lásán ni ife D.

Ẹ bó èèpo gbígbẹ, ẹ fi abẹ ha gbòǹgbò àtijọ́ kúrò, kí ìdí àlùbọ́sà kan omi. Márùn-ún fún ife kọ̀ọ̀kan, torí pé àwọn mìíràn kì í ta gbòǹgbò rárá. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ wọn gígùn wọn. Ẹ gé ṣóńṣó, ẹ fi aró kun ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, kí ẹ ka 1,000 sẹ́ẹ̀lì. Ká ní 80 ń pín, ìdá 8 nínú 100 nìyẹn.

Iṣẹ́ àmúrelé

1. Ẹ ya sẹ́ẹ̀lì tí krómósómù rẹ̀ ṣe afárá.
2. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bu omi gọ́tà nítòsí ọgbà mẹkáníìkì. Gbòǹgbò àlùbọ́sà rẹ̀ kúrú, ó sì kọ ọ́ pé òjé ló fà á. Ẹ dárúkọ ohun méjì mìíràn nínú omi náà tó lè fà á, kí ẹ sì sọ ife tí ẹ máa fi kún iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó lè dá òjé lẹ́bi.