Sóbò Inú Ife àti Hóró Inú Ike: Èwo Ló Ń Dáàbò Bo Ara?

Bísímílláhì Rahmánì Rahíìm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi oúnjẹ àti ìwòsàn sínú ewé àti èso. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí ó ń ná ọ̀pọ̀ nínú wa lówó. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, a kì í ṣàìrí ẹni tí yóò gbé ìgò ohun mímu tàbí ike hóró kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláásí. Yóò ní antioxidant wà nínú rẹ̀, pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti jẹjẹrẹ. Ọ̀dọ́ bíi tiyín ni àwọn kan nínú àwọn tí ń tà á. Àwọn tí ń rà á lè jẹ́ bàbá tàbí ìyá wa tí wọ́n ń lo oògùn ọsibítù lọ́wọ́. Nítorí náà ó di dandan kí a mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà àti èyí tí ó jẹ́ àsọdùn.

KÍ NI ANTIOXIDANT?

Bí a bá gé ìgbá sí méjì tí a gbé e kalẹ̀, láìpẹ́ ojú rẹ̀ yóò dúdú. Atẹ́gùn tí ó fẹ́ sí i ni ó fà á. Ṣùgbọ́n bí a bá fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú rẹ̀, kì í tètè dúdú. Ohun kan wà nínú ọsàn náà tí ó ń gba ìyà atẹ́gùn dípò ìgbá. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní antioxidant.

Nǹkan tí ó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wa. Ara ń lo atẹ́gùn tí a ń mí sínú láti sun oúnjẹ di agbára. Bí igi bá ń jó nínú ààrò, iná rẹ̀ a máa ta sí ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni sísun oúnjẹ nínú ara ń ta nǹkan sílẹ̀ tí ó lè ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù. Èéfín sìgá a sì máa fi kún un. Ọlọ́hun ti fi èròjà adáàbòbò sínú ara fúnra rẹ̀, Ó sì fi òmíràn sínú ohun tí ń hù. Vitamin C wà nínú ọsàn. Beta-carotene ni ó fún epo pupa àti karọ́ọ̀tì ní àwọ̀ wọn. Anthocyanin ni ó mú kí ìṣápá pupa. Àwọn ewéko pàápàá ń lò ó láti fi gba ara wọn lọ́wọ́ oòrùn.

OHUN TÍ A MỌ̀ NÍPA SÓBÒ

Kò sí ìṣínu tàbí ìnáwó kan láàárín wa tí a kì í ti í rí sóbò mọ́. Ìṣápá pupa tí a gbẹ ni a fi ń ṣe é. Àwọn ará Íjíbítì àti Sùdáànì ń pè é ní karkadeh, àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà sì ń pè é ní bissap.

Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Tufts ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ènìyàn 65 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀, tí wọn kò sì lo oògùn fún un. Wọ́n fún apá kan ní omi ìṣápá ife 3 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Apá kejì mu omi mìíràn tí a ṣe kí ó jọ ti ìṣápá. Nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn, nọ́ńbà òkè ti àwọn tí ó mu ìṣápá ti fi nǹkan bí 7 wálẹ̀. Ti àwọn yòókù fi nǹkan bí 1 péré wálẹ̀.

Oore ńlá ni èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Ẹni tí tirẹ̀ ti di 180, tí ó wá ju oògùn rẹ̀ nù nítorí sóbò, kò rí ẹ̀rí kankan di mú níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn kí ó tó ṣe jàǹbá. Ara rẹ̀ lè yá gágá ní òwúrọ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dé ní ìrọ̀lẹ́.

OHUN TÍ A MỌ̀ NÍPA HÓRÓ INÚ IKE

Ẹnìkan lè wí pé: bí ife omi ìṣápá bá dára, ṣé hóró kan tí a fún èròjà pọ̀ sí kò ní dára jù ú lọ? Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n wá ni, àwọn onímọ̀ pàápàá sì ti bi ara wọn. Wọ́n rí i pé àwọn tí ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa kì í sábà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró bí àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Wọ́n wá rò pé beta-carotene ni àṣírí rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tí ń mu sìgá jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní hóró beta-carotene, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní hóró tí kò ní nǹkan nínú, fún ọdún 5 sí 8. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ó lo beta-carotene. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn tí ó lé ní 18,000. Ní oṣù kìíní ọdún 1996, wọ́n dá a dúró láìtó àkókò, nítorí jẹjẹrẹ náà ti fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ní 2011, ìwádìí mìíràn lórí ọkùnrin tí ó lé ní 35,000 fi hàn pé jẹjẹrẹ prostate fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ń lo hóró vitamin E nìkan.

Kí ni a rí kọ́? Nínú karọ́ọ̀tì, beta-carotene kì í dá wà. Ọ̀pọ̀ èròjà mìíràn ni ó bá a rìn, ìwọ̀n rẹ̀ sì kéré. Nǹkan kejì ni pé iná tí ń ta nínú ara kì í ṣe ọ̀tá pátápátá, nítorí ẹ̀jẹ̀ funfun wa ń lò ó láti pa kòkòrò àrùn. Ìwọ̀n ni Ọlọ́hun fi dá ohun gbogbo. Ohun tí ó jẹ́ oore ní ìwọ̀n lè di ìpalára bí a bá rọ́ ọ kún ara.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo hóró ni kò dára. Bí dókítà bá yẹ aboyún wò tí ó sì fún un ní hóró tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun, kí ó lò ó. Àìsí èròjà kan nínú ara ni wọ́n fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ẸNI TÍ Ń TÀ Á

Àwọn kan ń fi hadíìsì hàbátù sáúdà ti ọjà wọn lẹ́yìn. Hadíìsì náà wà nínú Sahih al-Bukhari, a sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà onímọ̀ ti jíròrò lórí ìtumọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Al-Khattabi ṣàlàyé pé bí gbólóhùn náà tilẹ̀ gbòòrò, àwọn àrùn kan pàtó ni ó ń tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá sì dúró lórí ìtumọ̀ tí ó gbòòrò náà kò rí ibi tí a ti pàṣẹ pé kí aláìsàn da oògùn dókítà nù.

Ẹ rántí ìtàn tí ó wà nínú Sahih Muslim, nípa ọkùnrin tí ó ń ta oúnjẹ lọ́jà. Ànábì ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ rẹ̀, ó sì bá èyí tí ó tutù nísàlẹ̀. Ó bá a wí gidigidi pé ó fi àbùkù ọjà pamọ́. Ẹni tí ó ń sọ pé hóró òun ń wo jẹjẹrẹ, tí kò sì ní ẹ̀rí, kí ni ó fi sàn ju ọkùnrin náà lọ? Nínú Sunan Abi Dawud pẹ̀lú, a kọ́ wa pé ẹni tí a kò mọ̀ mọ ìṣègùn, tí ó ń ṣe ìwòsàn, ni yóò ru ẹrù jàǹbá tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára ike kò gbé ẹrù náà kúrò lọ́rùn wa.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MÁA ṢE

1. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe sóbò, ẹ ṣan ìṣápá náà dáadáa, ẹ da omi gbígbóná lé e, kí ẹ sì dé e. Ẹ má ṣe sè é fún wákàtí púpọ̀, nítorí iná ń ba vitamin C àti èròjà pupa inú rẹ̀ jẹ́.

2. Ẹ dín ṣúgà kù. Ẹ lè fi ọ̀pẹ-òyìnbó àti atalẹ̀ mú un dùn. Sóbò tí ṣúgà kún inú rẹ̀ bámúbámú kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà.

3. Tíì ní èròjà adáàbòbò, ṣùgbọ́n ó ń dí ara lọ́wọ́ láti gba irin tí ó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pàápàá ẹ̀yin arábìnrin wa, má ṣe mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ọsàn ni kí ẹ jẹ lé oúnjẹ, nítorí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba irin.

4. Omi lásán ni kí ẹ máa fi lo oògùn. Ní 1994, ìwádìí kan fi hàn pé karkadeh ń dín ìwọ̀n chloroquine tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kù. Kí ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti aboyún sì sọ fún dókítà bí wọ́n bá ń mu sóbò déédéé.

5. Kí ẹni tí ń mu sìgá má ṣe wá ààbò lọ sínú hóró. Kí ó jáwọ́ nínú sìgá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

(a) Kí ló dé tí hóró beta-carotene kò fi ṣe ohun tí karọ́ọ̀tì ń ṣe?
(b) Bí ìyá rẹ bá ní òun fẹ́ fi sóbò rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, báwo ni ìwọ yóò ṣe fi ọ̀wọ̀ bá a sọ ọ́?
(d) Kí ni ó yẹ kí Mùsùlùmí tí ń ta ohun mímu sọ fún oníbàárà rẹ̀, kí ni kò sì gbọdọ̀ sọ?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ń ṣàǹfààní, ara tí ó le, àti arísìkí tí kò ní irọ́ nínú. Àmín. Ó di oṣù tí ń bọ̀, in ṣáà Allah.