Ta Ni Yóò San Owó Àìsàn Tí Sìgá Fà?



Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀tẹ̀ yìí wá láti inú ìbéèrè kan tí wọ́n bi wá nígbà tí a ń dáwó fún aláìsàn kan nínú ẹgbẹ́. Ọkùnrin náà ti ń mu sìgá láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò gbé e mọ́, tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kí ó má jókòó sinmi, wọ́n ní kí olúkúlùkù mú owó wá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa bá dìde, ó ní: "Ẹ̀yin àáfà, ẹ dákun, ẹ là wá lọ́yẹ̀. Nígbà tó ń rà á, kò bi wá. Nígbà tó wá di àìsàn, ó di ti gbogbo wa. Ṣé Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀ ni, àbí àwa?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. A mọ ohun tí a ń fi owó ẹgbẹ́ ṣe. Òun la fi ń sin òkú, òun la fi ń ran opó lọ́wọ́, òun la fi ń wọkọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tó fẹ́ padà láti Kánò níhìn-ín sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà tàbí Ìlọrin. Bí a bá mú un fún ẹnì kan, a ti mú un kúrò níwájú ẹlòmíràn.

Ìdáhùn tí mo gbọ́ jù lọ́jọ́ náà ni pé àfọwọ́fà ni, kí ó gbé e. Ìdáhùn yìí kò tó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọjà tí a ń sọ.

Kẹ́míkà tó wà nínú èéfín sìgá lé ní 7,000, bẹ́ẹ̀ ni ó kéré tán 69 nínú wọn ló ń fa jẹjẹrẹ. Láti 1950 ni Richard Doll àti Bradford Hill, dókítà àti onímọ̀ ìṣirò ní ìlú òyìnbó, ti tẹ ìwádìí jáde tó so sìgá mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1964, ìjọba Amẹ́ríkà kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí tábà ń pa lọ́dọọdún ju mílíọ̀nù 7 lọ, àti pé nínú wọn, ó ju mílíọ̀nù 1 tí kò mu ún rárá, èéfín ẹlòmíràn ni wọ́n fà símú. Ẹ dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé yàrá kan ní Sabon Gari, tí bàbá, ìyá àti ọmọ márùn-ún ń sùn sínú ẹ̀, ẹ mọ̀ pé fèrèsé kan kò lè kó èéfín jáde tán.

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé makuruhu lásán ni sìgá, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn ní ilé-kéú. Òótọ́ ni pé ẹnu àwọn onímọ̀ ìgbàanì kò kò. Tábà kò tíì dé ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí nígbà ayé àwọn ìmáàmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó dé, Ahmad Baba ti Timbuktu kọ̀wé lé e lórí ní 1607, ó ní ó tọ́. Ní Íjíbítì, Ibrahim al-Laqani kọ ìwé láti kọ̀ ọ́, Ali al-Ujhuri sì kọ tirẹ̀ láti fàyè gbà á. Mọ́síhàbù Máálíkì tiwa yìí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ó ju 300 ọdún tí wọ́n ti kọ̀wé kí dókítà tó ka iye ẹ̀dọ̀fóró tó bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé ni bóyá ó ń pani bí ọtí. Ẹni tó bá gbé ìdáhùn wọn wá sí òde òní láìgbé ohun tí a ti mọ̀ lẹ́yìn wọn dání, kò ṣe wọ́n lóore.

Wàyí o, sí ìbéèrè wa. Ohun méjì wà tí àwa ènìyàn máa ń pò pọ̀: ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè. Ní ti ẹ̀ṣẹ̀, Súrà An'am, aya 164, ti parí ẹjọ́: kò sẹ́ni tí yóò ru ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onífíqìhì ń pè ní damaanu, ìyẹn owó tí a fi ń dí ohun tó bàjẹ́, ọ̀nà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Bí ọmọ kékeré bá fọ́ ìkòkò aláró, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ a ó san ìkòkò náà nínú owó ọmọ náà bí ó bá ní. Ẹ rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ lè má sí kí gbèsè wà. Nítorí náà, ẹni tó ní "àfọwọ́fà ni" ti dáhùn ti ẹ̀ṣẹ̀ nìkan, kò tíì fọwọ́ kan ìwé gbèsè.

Ìwé gbèsè yẹn, òfin rẹ̀ wà. Hadíìsì wà nínú Muwaṭṭa Ìmáàmù Máálíkì tó kọ̀ kí á ni ara wa lára, yálà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ẹ̀san. Òmíràn wà tí àwa oníṣòwò gbọdọ̀ mọ̀ bí orúkọ wa. Bí o bá ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tí o fi ṣiṣẹ́ gba owó, tí o wá rí àbùkù tó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí o sì dá a padà, owó iṣẹ́ yẹn tìrẹ ni. Kí ló dé? Nítorí pé bí ó bá kú sí ọ lọ́wọ́, ìwọ lo ni òfò. Àwọn onímọ̀ yí òfin náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ní ẹni tí èrè ń wọ àpò rẹ̀ ni ẹrù òfò ń lọ bá. Èrè àti òfò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi òfin yìí ka ìwé sìgá. Ẹni tó ń mu ún, bí ó bá ń ná 500 náírà lójúmọ́, 182,500 náírà ló ń lọ lọ́dún. Ní ogún ọdún, owó náà á di 3,650,000. Owó ilé ìwé ọmọ wà níbẹ̀, owó Mẹ́kà fẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú nígbà kan rí. Kí ló gbà dípò? Ìgbádùn díẹ̀ tí kò gùn ju igi sìgá lọ, àti nicotine tó dè é mọ́lẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ fi sílẹ̀ tí wọn kò rí i ṣe. Òun gan-an ti ń san gbèsè látìgbà pípẹ́.

Ìyàwó àti ọmọ ńkọ́? Wọn kò jẹ èrè kankan, àfi èéfín. Síbẹ̀ àwọn ni gbèsè kọ́kọ́ ń wá bá. Ìyàwó ni yóò ta ẹ̀gbà ọrùn, àkọ́bí ni yóò fi ilé ìwé sílẹ̀ wá jókòó ti àtẹ. Lórílẹ̀-èdè wa, púpọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú, láti àpò ilé ló ti ń jáde. Ìwà ìrẹ́jẹ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá, ibí ni ó wà.

Ìjọba jẹ èrè. Láti 2018 ni wọ́n ti ń gba owó-orí náírà 1 lórí igi sìgá kọ̀ọ̀kan, ó di náírà 2 ní 2019, ó di náírà 2 àti kọ́bọ̀ 90 ní 2020, yàtọ̀ sí ìdá 20 nínú 100 tí wọ́n ń gbà lórí iye ọjà náà nígbà náà. Ẹni tó ń mu mẹ́wàá lójúmọ́ ti san 10,585 náírà fún ìjọba lọ́dún lórí igi nìkan ní ìdíwọ̀n 2020. Owó yẹn kò bá a dé ilé ìwòsàn nígbà tó dùbúlẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sìgá ló wá jẹ èrè jù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn fún àwa Yorùbá. Òkè-Ògùn la ti ń gbin tábà, ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, Ìbàdàn sì ni British American Tobacco ṣí ilé iṣẹ́ ńlá rẹ̀ sí ní 2003. Wọ́n ní àwọn ń pèsè iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń pèsè é. Ṣùgbọ́n aláró tó ń pèsè iṣẹ́ kò ní àṣẹ láti da omi aró sínú kànga àdúgbò.

Àwọn kan ti fi òfin yìí ṣẹ́jọ́, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú fíqìhì. Ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà pe àwọn ilé iṣẹ́ sìgá lẹ́jọ́ ní 1994. Wọ́n ní: ẹ̀yin ń kó èrè, àwa ni a ń tọ́jú àwọn tálákà tí ọjà yín sọ di aláìsàn, ẹ dá owó wa padà. Ní 1998, ìpínlẹ̀ 46 bá àwọn ilé iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n san bílíọ̀nù 206 dọ́là láàárín ọdún 25. Ní tiwa, ní 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò níhìn-ín, ti Èkó àti ìjọba àpapọ̀ wà lára àwọn tó pe irú ẹjọ́ yẹn. Mo rò pé ẹjọ́ náà le níhìn-ín ju tọ̀hún lọ, nítorí pé ìjọba Amẹ́ríkà lè fi ìwé hàn pé òun ló náwó. Níhìn-ín, ìwé náà wà lábẹ́ ẹní ìyá wa kan, bí ó bá tilẹ̀ pa á mọ́. Ní Oṣù Kejìlá 2023, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní kí ilé iṣẹ́ sìgá yẹn kan náà san mílíọ̀nù 110 dọ́là nítorí bó ṣe ń tajà. Òfin tábà ti 2015 ti dá àpò kan sílẹ̀ fún ìgbógunti tábà. Ó yẹ kí àwọn aṣòfin wa tí a dìbò fún dá wa lóhùn nípa èyí tó ń dé ilé ìwòsàn nínú owó-orí àti owó ìtanràn wọ̀nyí.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, aláìsàn wà nílẹ̀. Ṣé kí ẹgbẹ́ san? Ìdáhùn mi ni bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí á mọ ohun tí a ń san. A kò san gbèsè rẹ̀ nítorí pé ó di tiwa. Ṣàánú ni, a sì ń gba ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè tí wọn kò jẹ. Ní ti owó sàká, ìwé Máálíkì sọ pé a kì í fi san gbèsè ẹni tó yá owó fún ìbàjẹ́, àfi bí ó bá túúbá. Gbèsè ilé ìwòsàn kì í ṣe gbèsè ìbàjẹ́, ìtọ́jú ara ni. Bí ilé náà bá sì jẹ́ aláìní, sàká tọ́ sí wọn láìjẹ́ pé a wádìí ohun tí bàbá ń fà. Mo fẹ́ kí owó náà lọ sọ́wọ́ ilé ìwòsàn àti ìyàwó, kí ó má kọjá lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀ pé ó ṣì ń mu ún.

Ó ku àwa tí a ń tajà. Mai shayi tó ń ta sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì àti búrẹ́dì kò dá wà, ọmọ wa pọ̀ nínú àwọn tí ó kó o sínú ṣọ́ọ̀bù. Òfin 2015 kọ̀ kí á tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó kọ̀ kí á tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ẹyọ kọ̀ọ̀kan yẹn sì ni ọmọ ilé ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á nínú ẹgbẹ́ ti fi orúkọ ara rẹ̀ sínú àwọn tí èrè ń wọ àpò wọn. Nítorí náà, mo ti fi í sí iwájú ìgbìmọ̀ pé, nígbà tí a bá tún ń dáwó fún ẹni tí sìgá ṣe, kí ti àwọn tí ń tà á jẹ́ ìlọ́po méjì, títí wọn yóò fi kó o kúrò lórí àtẹ. Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó jíròrò rẹ̀, kí àwọn ìyá wa má ṣe pẹ́ dé.