ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ohùn Láti Inú Ẹ̀rọ

Ní 1873, ní Vienna, Theodor Billroth gé gbogbo gògóńgò ọkùnrin kan tó ní jẹjẹrẹ; Carl Gussenbauer ṣe ohùn àtọwọ́dá fún un. Lónìí, ẹ̀rọ oníbátìrì tó rí bíi tọ́ọ̀ṣì kékeré ni ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gé gògóńgò wọn ń tẹ̀ mọ́ ọrùn: á máa gbọ̀n, ahọ́n àti ètè á sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè sódò. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ létí omi, ṣé ọkọ́ ni wọn ó gbọ́ ni, àbí ọkọ? Ewu omi tún wà níbẹ̀: ihò tí wọ́n dá sí i lọ́rùn ló fi ń mí, bó bá já sómi, dídi imú kò ní gbà á.